Kọ̀ǹpútà Tí Mo Gbé Sílẹ̀ ní Oǹdó

Kí n tó kúrò ní Àkúrẹ́, ohun mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ ní láti wá ilé fún: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, jẹnẹrétọ̀ mi, àti kọ̀ǹpútà ńlá tí mo ti fi ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rí ẹni rà á. Jẹnẹrétọ̀ náà rí ẹni rà á, n kò tíì nu eruku ara rẹ̀ tán tí onítọ̀hún fi gbé e lọ. Kọ̀ǹpútà nìkan ni kò rí oníbàárà. Ọkùnrin tó wá wò ó ní ayé ti kúrò níbi kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ dá dúró, tí àpótí rẹ̀ náà dá dúró. Inú mi dùn pé kò rà á. N kò sọ fún un.

Ìsọ̀ kékeré kan ni mo ní ní Òkè-Àró. Lẹ́tà, ìwé ètò ìgbéyàwó, ìbéèrè ìdánwò fún àwọn olùkọ́, gbogbo rẹ̀ ni mò ń tẹ̀. Iléèwé girama ni ìwé tí mo kà mọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ́ lórí iṣẹ́, àwọn èèyàn sì mọ̀ mí sí ẹni tí kì í fi àṣìṣe sílẹ̀. Nígbà tó yá, epo bẹntiróòlù wọ́n débi pé bí mo bá tan jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀, ó dà bíi pé èmi ni mò ń ṣiṣẹ́ fún un. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà òkè òkun.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń bá mi tún kọ̀ǹpútà náà ṣe, Ọ̀gá Sọjí là ń pè é. Nígbà tó kó lọ sí Ìbàdàn, ó fi ètò kan sínú rẹ̀ tó fi jẹ́ pé, bí mo bá ti tan kọ̀ǹpútà tí íńtánẹ́ẹ̀tì sì wà, yóò jókòó sí Ìbàdàn, yóò fi láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ máa darí tèmi ní Àkúrẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣe é, oníbàárà kan jókòó tì mí. Ó rí i tí ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà ń rìn káàkiri, ó wo ọwọ́ mi, ó rí i pé mo ká a sí àyà. Ó dìde, ó ní òun ń bọ̀. Ọjọ́ kejì ló tó padà wá gba iṣẹ́ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló sì dúró sí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n lọ, mo bẹ Ọ̀gá Sọjí pé kí ó kọ́ mi bí èmi náà yóò ṣe máa wọlé sínú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, nítorí iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi ṣì wà níbẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà àti páásíwọọ̀dù rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, mo fi í sáàárín Bíbélì mi. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lé itan nínú ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, mo sì tò ó sí pálọ̀ Màmá mi ní àdúgbò Yábà níbẹ̀. Mo fi aṣọ funfun bò ó.

Màmá ní, "Èyí kò ní í fa wàhálà iná sí wa lọ́rùn?"

Mo ní, "Ẹ ṣáà máa fa púlọ́ọ̀gì rẹ̀ yọ lára ògiri, mà. Ohun yòówù tí ẹ bá rí tí kò yé yín, ẹ fa púlọ́ọ̀gì yọ."

Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹnu ara mi ni.

*

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Orúkọ ni. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti rí iṣẹ́, mò ń fọ aṣọ wọn, mò ń gbá yàrá wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọdébìnrin kan tí kò tíì ju ogún ọdún lọ na ìka sí ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́rin, ó ní, "Dórótì nìyẹn." Dórótì lásán. Mo dúró, mò ń retí ohun tí yóò fi ṣáájú orúkọ náà. Kò fi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. "Màmá" ni èmi ń pè wọ́n láti ọjọ́ náà. Etí wọn ti di pátápátá, wọn kò lè gbọ́ ohun tí mò ń pè wọ́n, síbẹ̀ n kò lè pe orúkọ wọn lásán.

Ohun kejì ni ìdákẹ́jẹ́. Láti ọ̀sán Sátidé títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹnu mi lè má là àfi tí mo bá ń gbàdúrà. Wọ́n máa ń sọ nílé pé n kì í sọ̀rọ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mo wá rí i pé àárín ariwo ni ìdákẹ́jẹ́ tèmi ti máa ń dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ràn kí n dákẹ́ níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń sọ̀rọ̀. Kí n dákẹ́ níbi tí ohun gbogbo ti dákẹ́, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn.

Nítorí náà ni fóònù ọjọ́ Sọ́ńdè ṣe ṣe pàtàkì sí mi. Bọ́sẹ̀, ìyàwó Kọ́lá àbúrò mi, ló ń gbé pẹ̀lú Màmá. Ibi àbáwọlé ilé ló ti ń ránṣọ. Kọ́lá ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Ìta-Ògbólú, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Bọ́sẹ̀ ni yóò gbé fóònù sí etí Màmá.

Ní oṣù àkọ́kọ́, a máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Nígbà tó yá, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Hẹ̀n?" Nígbà tó tún yá, ohun tí mò ń gbọ́ ni, "Bọ́sẹ̀, fóònù yìí kò fọhùn."

"Màmá, èmi ni! Ẹ káàsán, mà!"

"Kò fọhùn. Gbà, gbà á."

Bọ́sẹ̀ yóò gba fóònù, yóò ní, "Àǹtí, etí wọn ni o. Àwa gan-an, àfi ká pariwo sí wọn létí, ká tún fi ọwọ́ ṣàpèjúwe."

Mo ní kí wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gbé wọn lọ. Dókítà ní ọjọ́ orí ni. Mo gbìyànjú kí a máa rí ojú ara wa lórí fóònù Bọ́sẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì kò dára lọ́jọ́ náà, àwòrán mi dì gbagidi níbi tí mo ti la ẹnu sílẹ̀. Màmá wo ojú mi tí kò mira, ẹnu mi tó là tí kò pa dé, wọ́n sì pariwo tí mo gbọ́ láti ibi tí mo wà. Láti ọjọ́ náà, wọn kò gba fóònù mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bọ́sẹ̀ pè mí. Ó kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà mi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Màmá ní ẹ ti kú."

"Ta ló sọ fún wọn?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Wọ́n ní a ń fi pamọ́ fún wọn ni."

*

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ẹni tó ń kà á, mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa búrẹ́dì.

Ní ilé wa, bí ọmọ arúgbó bá kú lókèèrè, wọn kì í sọ fún arúgbó náà. Wọ́n gbà pé ìròyìn náà lè pa á. Màmá ní àbúrò kan, Ayọ̀, tó kú sí Òkè Ọya nígbà tí mo wà ní kékeré. Màmá àti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn kò sọ fún ìyá wọn. Bí Kérésìmesì bá dé, Màmá yóò ra búrẹ́dì ńlá, wọn yóò gbé e fún ìyá wọn, wọn yóò ní, "Ayọ̀ ló fi ránṣẹ́, ó ní ẹ kú ọdún." Ìyá àgbà jẹ búrẹ́dì náà ní Kérésìmesì mẹ́rin, wọ́n sì kú láìmọ̀ pé ọmọ wọn ti ṣáájú. Màmá mọ gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi dá a.

Mo fi sùẹ́tà kan rán ẹnì kan tó ń lọ sí Àkúrẹ́, mo sì fi lẹ́tà sínú rẹ̀. Màmá yẹ sùẹ́tà náà wò, wọ́n ka lẹ́tà mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ọmọ mi ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà máa ń pẹ́ lọ́nà. Ẹni tó kọ ọ́ lè ti kú kó tó dé." Wọ́n dá sùẹ́tà padà fún Bọ́sẹ̀. "Búrẹ́dì Ayọ̀ rèé. N kò jẹ ẹ́."

Wọ́n wọ aṣọ dúdú. Wọn kì í jẹun tó bó ṣe yẹ mọ́. Kọ́lá búra fún wọn, wọ́n ní àwọn náà ti búra fún ìyá àwọn. Ìwé tí mo tọwọ́ bọ̀ níbi iṣẹ́ ti dè mí mọ́lẹ̀: n kò lè wálé kí ọdún méjì tó pé, nítorí bí mo bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, n kò ní í rí i padà wọ̀. Mò ń rìn nínú ilé ìtọ́jú náà, mò ń nu ilẹ̀, mo sì mọ̀ pé ní Yábà, ìyá tó bí mi ń ṣọ̀fọ̀ mi. Ó ṣòro láti ṣàlàyé bó ṣe rí. Nígbà mìíràn mo máa ń fọwọ́ kan ara mi.

*

Màmá Dórótì ló là mí lójú, wọn kò sì mọ̀. Nítorí pé wọn kò gbọ́ràn, pátákó funfun kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ yóò fi gègé dúdú kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀, àwọn yóò sì fi ẹnu dáhùn. Lọ́jọ́ kan mo kọ ọ́ pé, ṣé kí n ṣí fèrèsé? Wọ́n ń fi ìka tọ abẹ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí Màmá ṣe máa ń fi ìka tọ abẹ́ ọ̀rọ̀ inú Bíbélì. Wọ́n ní, "Ṣí i, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni."

Mo ṣí fèrèsé. Mo dúró níbẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí, wọ́n dáhùn báyìí. Òkú kì í dáhùn ìbéèrè lójú ẹsẹ̀.

Mo ra láptọ́ọ̀pù àlòkù kan lọ́wọ́ obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo yọ ìwé pélébé nínú Bíbélì mi. Ní Sátidé, Bọ́sẹ̀ bá mi tan kọ̀ǹpútà ní Yábà, ó fi íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀ sí i, ó sì lọ dá oníbàárà kan lóhùn lójú ọ̀nà. Èmi nínú yàrá mi tẹ nọ́ńbà, mo tẹ páásíwọọ̀dù.

Ojú kọ̀ǹpútà mi ṣí sílẹ̀ níwájú mi. Gbogbo nǹkan wà níbi tí mo tò ó sí, iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi ní ìlà ní ìlà. Nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún, aago ilé ń ka àkókò ilé. Mo ti lo oṣù mẹ́jọ níbi tí kò sí ohun tó jẹ́ tèmi, mo wá gbé ọwọ́ lé ohun tó jẹ́ tèmi. Mò ń fi ọfà lọ síbí, mò ń fi lọ sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ògiri ilé rẹ̀. Mo gbàgbé ara mi.

Lójijì, gbogbo rẹ̀ di dúdú.

Kò pẹ́ tí Bọ́sẹ̀ fi pè. Ó ń mí gúlegúle. "Àǹtí! Màmá ti fa púlọ́ọ̀gì yọ! Wọ́n jáde láti yàrá, wọ́n rí i tí nǹkan ń rìn lójú kọ̀ǹpútà yín, tí kò sí ènìyàn nídìí rẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní ẹ ti wá. Wọ́n ní òkú máa ń wá síbi irinṣẹ́ rẹ̀ kó tó lọ pátápátá." Ó gbé ẹnu sún mọ́ fóònù. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, ṣé ẹ wà láàyè lóòótọ́?"

"Bọ́sẹ̀!"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀rù ló bà mí."

N kò bínú. Mo ti rí àgbàlagbà ọkùnrin tó sá kúrò ní ìsọ̀ mi nítorí ọfà kan náà. Mo sì ti fi ẹnu ara mi sọ fún Màmá pé, ohun tí kò bá yé wọn, kí wọ́n fa púlọ́ọ̀gì rẹ̀ yọ.

*

Mo fi ọ̀sẹ̀ kan ronú bí mo ṣe máa ń ronú lórí iṣẹ́ oníbàárà tó le. Bí mo bá kọ̀wé lójú kọ̀ǹpútà, Màmá yóò ní Bọ́sẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà mo ní kí Bọ́sẹ̀ yọ kíbọ́ọ̀dù kúrò lára kọ̀ǹpútà pátápátá, kí ó gbé e lé itan Màmá, kí wọ́n mú un dání fúnra wọn. Kí ó jókòó síbi tí wọn yóò ti máa rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kí fóònù wà ní ṣíṣí lórí tábìlì kí n lè máa gbọ́ ohùn wọn.

Bọ́sẹ̀ pariwo sí Màmá létí pé, "Ẹ jẹ́ kí Àǹtí bá yín sọ̀rọ̀! Tí kò bá jẹ́ òun, ẹ wọ aṣọ dúdú yín lọ, n kò ní í sọ̀rọ̀ mọ́!"

Mo gbọ́ tí Màmá ní, "Ó dáa. Ẹ ṣe é kí n rí i."

Mo sọ lẹ́tà di ńlá débi pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ìlà kan lè gbà. Mo fi àmì sórí gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà nínú Bíbélì Màmá, nítorí Yorùbá inú Bíbélì nìkan ni wọ́n lè kà. Èdè Oǹdó ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ìwé ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ wọn síhìn-ín.

Mo tẹ̀ ẹ́ pé: Ẹ KÁÀSÁN, MÀMÁ. MO KÚNLẸ̀.

Mo sì kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo gbé láptọ́ọ̀pù sórí àga níwájú mi. N kò lè tẹ irọ́.

Mò ń gbọ́ ohùn Màmá bí wọ́n ṣe ń kà á, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n ní, "Bọ́sẹ̀, gbé ọwọ́ rẹ sókè."

"Ọwọ́ mi rèé, Màmá!"

"Méjèèjì."

"Méjèèjì rèé!"

Màmá ní, "Ìwọ tó ń kọ̀wé, bó bá jẹ́ ọmọ mi ni ọ́, ta ló jẹ́ kí òjò pa kòkó bàbá rẹ?"

Mo tẹ̀ ẹ́ pé: ÈMI NI.

"Ẹnikẹ́ni lè sọ pé èmi ni. Níbo lo wà nígbà tí òjò ń rọ̀?"

Mo gbé ọwọ́ láti dáhùn, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Ohùn Bọ́sẹ̀ jáde nínú fóònù: "Ah! Wọ́n ti mú iná lọ!"

Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi wà níbẹ̀. Wọ́n mú iná lọ ní Yábà, èmi ni òkùnkùn rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo àdúgbò tí mo wà ló mọ́lẹ̀ rekete, kò sí ẹni tó mọ̀ níbẹ̀ pé iná ti lọ, àfi èmi. Nílé, inú máa ń bí mi bí iná bá lọ. Lọ́jọ́ náà, bí mo ti ń bẹ̀rù tó, ohun kan nínú mi sọ pé, àwa pẹ̀lú wọn la jọ ń dúró de iná yìí. N kò tíì kúrò nílé tán.

Mo béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti wọlé lọ?"

Bọ́sẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọn kò fẹ́ dìde, Àǹtí. Wọ́n gbá kíbọ́ọ̀dù mọ́ àyà bí ọmọ tuntun."

Iná dé. Mo gbọ́ ariwo àwọn ọmọdé ìta nínú fóònù kí n tó rí nǹkan kan. Bọ́sẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, mo wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́ pé:

MO WÀ LÁBẸ́ BẸ́Ẹ̀DÌ. MÒ Ń LÁ MÍLÍÌKÌ ALÁGOLO TÍ Ẹ FI PAMỌ́ FÚN ÀLEJÒ. Ẹ BÁ MI NÍBẸ̀. Ẹ SỌ FÚN BÀBÁ PÉ Ẹ̀YIN LẸ GBÀGBÉ KÒKÓ NÍ SÍSÁ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Bàbá mi kú láìmọ̀ ọ́n. A kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Màmá kà á dé ìdí. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, wọ́n sì tún kà á dé ìdí. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Màmá ń rẹ́rìn-ín.

"Olè!" ni wọ́n wí. "Olè mílíìkì! Bọ́sẹ̀, gbé ọwọ́ sílẹ̀, òun ni. Ọmọ mi ni. Olè ọmọ!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín lọ. "Sùẹ́tà yẹn dà? Lọ gbé e wá."

Mo dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

*

Gbogbo Sátidé la ń ṣe é báyìí, ní aago méjì ọ̀sán. Màmá ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì náà títí n óò fi sọ pé ó dàbọ̀. Wọ́n ti kó aṣọ dúdú sínú àpótí. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé ọmọ àwọn ń fi ọwọ́ kan pálọ̀ àwọn láti ìlú òyìnbó. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, wọ́n ní kó wá jókòó lọ́jọ́ Sátidé.

Ní Sátidé tó kọjá, mo kọ ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà fún wọn: pé Màmá Dórótì fún mi ní ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fúnra wọn hun, pé òtútù ti padà dé, pé iṣẹ́ ń lọ. Mo kúrò nídìí láptọ́ọ̀pù láti bu tíì. Nígbà tí mo yíjú padà, ọfà kékeré náà ń rìn.

Kì í ṣe èmi. Ife tíì wà lọ́wọ́ mi ọ̀tún, òsì mi sì wà lára ìlẹ̀kùn. Ọfà náà ń gbọ̀n, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi, bí ìka Màmá lábẹ́ ọ̀rọ̀ Bíbélì, láti ọ̀kan sí èkejì, ó ń dúró, ó tún ń lọ. Ó dé abẹ́ "òtútù," ó dúró pẹ́.

Ohùn Màmá jáde nínú fóònù. "Òtútù tí o kọ síbí yìí, ṣé o wọ aṣọ tó nípọn?"

Mo gbé ife sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ pé: MO WỌ̀ Ọ́, MÀ.

Lẹ́yìn náà mo ká ọwọ́ mi sí àyà, mo jẹ́ kí wọ́n máa kà lọ.